Lórí Ìlà, Kò Sí Àgbà

Ẹ̀yin ará Emùré tí ẹ fi orin sìn mí dé ibùdókọ̀, ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí, mo sì ti ń dá yín lóhùn pé ó dáa. Irọ́ ni mo pa. Kò dáa rárá. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí n lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kí n máa kọjá lọ́jà láìsí pé ẹnìkan fa aṣọ mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Fúnmiláyọ̀ ni orúkọ mi, akọ̀wé káńsù ni mí. Bàbá mi tó ti sùn dá oko kòkó sí ọ̀nà Ìsẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ oko náà tán kí wọ́n tó lọ ra ìbọn afẹ́fẹ́ kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọkùnrin fi ń pa ẹyẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ sídìí kòkó, bí ìbọn ṣe bọ́ sọ́wọ́ èmi obìnrin nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo gbọ́ pé eré ìdárayá kan wà tí ènìyàn á dúró lórí ìlà, tí á máa fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ yin àmì tí àárín rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo ní, ẹ wá wo eré tí Ọlọ́run dá nítorí tèmi.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ojú ọ̀tún mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá nínú eré yìí láti ọjọ́ yìí wá: iye máàkì kan wà tí àwọn aláṣẹ àgbáyé gbé kalẹ̀, ẹni tó bá dé ibẹ̀ nìkan ló lè lọ sí ìdíje ńlá tí gbogbo ayé máa ń jókòó wò. Mo ti kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ayìnbọn wa sì ti sọ ọ́ fún mi lójú koroojú pé èyí ni àṣekẹ́yìn, àwọn kò ní tún rán mi níbì kankan mọ́. Ohun tí mo gbé rìnrìn àjò nìyẹn, ó wúwo ju àpótí ìbọn lọ.

Ìlú tí wọn kì í kí ènìyàn

Ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì ni, ó wà lẹ́bàá àwọn òkè tí yìnyín bò lórí. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a dé, òtútù sì mú mi títí dé inú eyín. Èmi àti Ọ̀gá Délé, olùkọ́ wa, ni a jọ lọ. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí o bá kọjá lára àgbàlagbà láàárọ̀ láìkí wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn á ti gbọ́ ọ nílé yín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Mo kí ẹni tó ń gbálẹ̀, mo kí ẹni tó ń mú ajá rìn, mo kí gbogbo àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Àwọn kan dáhùn bí ẹni tí a jí lójú oorun. Obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mú gírígírí.

Ọ̀gá Délé ní, "Fúnmi, jọ̀ọ́, fi àwọn èèyàn yìí sílẹ̀ kí wọ́n má lọ pe ọlọ́pàá."

Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ọjọ́ kejì tí mo ṣìnà, ọkùnrin kan fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òjò, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà gan-an, kò sì dúró gba ọpẹ́. Ó kàn yí padà lọ. Inú rere wọn wà, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu. Nílé tí a wọ̀ sí, ọmọ-ọmọ onílé, tí kò tíì ju ẹni tí eyín iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ, pe ìyá ìyá rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Mo di ojú mi, mo ń retí ìfọ́tí. Ìyá àgbà náà dìde, wọ́n bu omi wá. Mo sọ fún Ọ̀gá Délé pé a ti dé ibi tí ayé ti dorí kodò, a jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣe mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀wù tó ń dá dúró

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ẹ̀wù, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń bá ara wọn jà lé lórí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń yìnbọn lórí ìdúró kì í fi agbára apá gbé e. Á tẹ ẹ̀yìn díẹ̀, á gbé ìgúnpá òsì lé egungun ìbàdí, egungun ni á máa gbé ìbọn, kì í ṣe ẹran ara. Ẹran ara máa ń gbọ̀n. Àwọn òyìnbó wá rò ó pé bí aṣọ bá le dáadáa, aṣọ á bá egungun gbé e. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀, awọ àti aṣọ líle ni, wọ́n wọn ọ́n mọ́ ara ẹni tó ni í bí igbá tí a wọn mọ́ ọmọrí. Bí wọ́n bá bọ́ ọ, á dá dúró nílẹ̀. Sòkòtò wọn náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá wọ méjèèjì kò lè jókòó, á máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ tó yó. Òfin wá wà pé ẹ̀wù kò gbọdọ̀ le kọjá ìwọ̀n, kò sì gbọdọ̀ nípọn kọjá ìwọ̀n. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ̀rọ kọ ẹ̀wù àwọn kan. Ẹ ò bá rí àgbà ọkùnrin níta nínú òtútù, tí wọ́n ń fún ẹ̀wù, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń fọ aṣọ létí odò, kí ó lè rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tún gbé e padà lọ. Ẹnìkan ń sunkún. Ẹnìkan ń pariwo pé ẹ̀rọ ń ṣe ojúsàájú.

Ó kan tèmi. Bọ̀dá Tàjù, télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní Ìkẹ́rẹ́, ló rán an fún mi, tápólì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi awọ ìjókòó mọ́tò lẹ ibi èjìká àti ìgúnpá. Ìyá àgbà kan ló wà nídìí ẹ̀rọ, irun wọn funfun bí òwú. Gírétà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, títí kan àwọn ọmọdé. Èmi pè wọ́n ní Mà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì wo ilẹ̀ bóyá nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tẹ ẹ̀wù náà. Wọ́n tún un tẹ̀.

Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ẹ̀wù ìbọn. Ṣẹ́ẹ̀tì ni."

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ó lòdì sófin ni, Mà?"

"Kò sí òfin tó bá ẹ̀wù tó rọ̀ wí." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nínú eléyìí lo ti ń yìnbọn? Ṣé ẹ̀yìn kì í dùn ọ́?"

Mo ní ó máa ń dùn mí. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n ní kí n máa lọ, kí n má gbàgbé láti jẹun dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó ṣe bí ìyá sí mi. Mo rántí rẹ̀ títí mo fi sùn.

Ohun tó jọ iyán

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, wọ́n gbé oúnjẹ kan síwájú mi, ó funfun, ó rí roboto, ọbẹ̀ pupa yí i ká. Inú mi dùn débi pé mo ti fọ ọwọ́ kí n tó wo bí àwọn yòókù ṣe ń jẹ tiwọn. Mo bu òkèlè. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì sè, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń dùn bí èso. Sùnítà tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọmọ Íńdíà ni, ó kéré sí mi gan-an, òun nìkan ló sì fi ọwọ́ jẹ tirẹ̀ nítorí kí ojú má baà tì mí. "Dídì" ló ń pè mí, ó ní bí àǹtí ni lédè wọn.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ẹ̀wù tún ti bẹ̀rẹ̀. Sùnítà ní kí wọ́n fòfin de gbogbo ẹ̀wù líle, kí kálukú wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, kí a wá mọ ẹni tó mọ ìbọn yìn. Ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ́ríkì, tó wá láti ìlú òtútù òkè lọ́hùn-ún, ní bí kò bá sí ẹ̀wù, egungun ẹ̀yìn àwọn á ti bàjẹ́ tipẹ́. Ó tún ní ẹni tí Ọlọ́run fún ní ìbàdí ńlá ni á máa borí títí ayé. Sùnítà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí Ọlọ́run fún ní bàbá olówó ló ń borí báyìí."

Mo pa òwe fún wọn pé aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, Ẹ́ríkì ní kí n tún un pa. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí àríyànjiyàn náà. Wọ́n ń jiyàn bóyá kí àwọn bọ́ ẹ̀wù tàbí kí àwọn má bọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ronú kan èmi tí n kò ní èyí tí mo fẹ́ bọ́. Mo jẹ búrẹ́dì, mo lọ sùn.

Ìlà

Ẹ gbọ́, mo yìnbọn lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé n kò mọ̀ ọ́n yìn. Ẹ̀yìn mi dùn mí bíi pé wọ́n fi òkúta lé e, tápólì Bọ̀dá Tàjù sì ń há mi lábíyá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró. Màá mí sínú, màá tú ìdajì rẹ̀ síta, màá dúró de ọkàn mi kí ó lù tán, kí ó tó tún lù màá fà á. Ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n níwájú mi ń fi hàn mí pé àárín ni, àárín ni, ó yẹ̀ díẹ̀, àárín ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, mo mọ̀ pé mo ń dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

Nígbà náà ni ìdí-etí mi bọ́ sílẹ̀. Ohun kékeré rírọ̀ kan ni, a máa ń fi dí ihò etí kí ariwo má baà da ọkàn wa rú. Ó bọ́ ní etí òsì, ó yí lọ sẹ́yìn. Mo ti ki ọta sínú ìbọn. Mo ní kí n fi í sílẹ̀, kí n yìn ín bẹ́ẹ̀.

Ohùn jẹ́jẹ́ kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Tìrẹ rèé."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Gírétà ni, àwọn ló ń bójú tó apá ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún àgbà yẹn, wọ́n ti mú ohun tó bọ́ létí mi nílẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lára ìbọn. Ọwọ́ òsì ló ṣófo.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sọ fún mi, ta ni nínú yín ì bá na ọwọ́ òsì? Àgbà bẹ̀rẹ̀ fún yín, ẹ wá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn? N kò tilẹ̀ rò ó. Ẹnu mi ti là pé, "Ẹ má bẹ̀rẹ̀, Mà!" ní Yorùbá, orúnkún mi ti tẹ̀, mo ti gbé ìbọn bọ́ sí ọwọ́ òsì kí ọ̀tún lè ráyè gbà á. Ibi tí mo ti yíjú sí wọn ni ẹnu ìbọn ti yí pẹ̀lú mi. Ó kúrò níwájú àmì, ó kọjá lára ọmọbìnrin tó dúró lápá òsì mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Ìyá Gírétà fúnra wọn.

Àwọn ni wọ́n pariwo. Ohùn tó ní kí n jẹun dáadáa ni ó ké pé, "Dúró!" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gbé ìbọn sílẹ̀.

Òfin kan ló wà ṣáájú gbogbo òfin nínú eré yìí: ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ wo ibòmíràn ju ọ̀dọ̀ àmì lọ. Ẹni tó bá yí i sí ènìyàn pẹ̀lú ọta nínú, eré ti parí fún un. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Mo ṣì di ìdí-etí mú ní ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹjọ́

Ọ̀gá Délé sáré wá, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé. Wọ́n sọ fún olórí adájọ́ pé àṣà wa ni, pé ọmọlúàbí kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, pé ìwà rere ló kó bá mi. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ wọn.

Ó ní, "Ó yé mi. Ọmọbìnrin tó dúró tì í náà ní ìyá nílé. Ọta kò mọ àṣà."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó rẹ́ mi jẹ ni, màá bínú, ìbínú á sì gbé mi délé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, wọ́n ń wọn awọ, wọ́n ń wọn bọ́tìnnì. Ẹ̀wù mi yege, ìbọn mi yege. Ọwọ́ tí ìyá mi tọ́ ni kò yege, kò sì sí ẹni tí mo lè pè lẹ́jọ́ lé e.

Ìyá Gírétà bá mi níbi tí mo jókòó sí lórí àpótí ìbọn mi. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o fi yí padà? O ì bá kàn na ọwọ́."

Mo ní, "Nítorí pé ẹ̀yin ni, Mà."

"Èmi?" Wọ́n wò mí bíi pé èdè tí wọn kò gbọ́ ni mo ń sọ. "Èmi kì í ṣe ẹnì kankan. Alábòójútó ìlà ni mí."

Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gún mi ju ìdájọ́ lọ. Mo ti ju àǹfààní ìkẹyìn mi nù nítorí ẹni tí kò béèrè rẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fún òun ní nǹkan.

Nígbà tó yá, Sùnítà wá jókòó tì mí. Ó ní, "Dídì, nílé tiwa náà, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan."

Mo ní, "Ká ní ìwọ ni ńkọ́?"

Ó ní, "Màá na ọwọ́ òsì, n kò sì ní wẹ̀yìn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi. Lórí ìlà, n kò ní àgbà."

Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, bí ẹni tó ń sọ orúkọ òògùn fún ẹni tí aláìsàn rẹ̀ ti kú. Mo ro oko kòkó bàbá mi. Ta ni ì bá kọ́ mi níbẹ̀? Ọ̀kẹ́rẹ́?

Emùré

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn á fẹ́ kí ọ̀nà gùn sí i. Láti Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń gbàdúrà kí táyà jò. Ìyá mi jókòó síta, wọ́n ti gún iyán dè mí. Mo rò pé wọn yóò sunkún. Mo rò ó fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tí mo dé ibi ọwọ́, wọ́n dìde dúró.

"Olúwa ṣeun!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ọmọ mi, ùwọ éè dójú tì mí nílẹ̀ òyìnbó! Án rí i pé ulé ire lo ti jáde!"

Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n lé mi ni. Mi ò lè lọ mọ́. Ó ti tán."

"Kí ló tán? Ùbọn ni? Jẹ́ kí ùbọn tán! Ùbọn lè bí ọmọ ni?" Wọ́n dì mọ́ mi, inú wọn ń dùn. Mo jẹ iyán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n mú mi lọ dúpẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú gèlè tuntun, wọ́n fi ọwọ́ júwe bí mo ṣe gbé ìbọn bọ́ sí òsì, bí mo ṣe na ọ̀tún, bí mo ṣe tẹ orúnkún. Pásítọ̀ gbà á lẹ́nu wọn, ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó ní kí gbogbo òbí yẹ ara wọn wò, ó ní obìnrin yìí fi ògo ayé sílẹ̀ kí ó lè bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lá àlá àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ènìyàn dìde, kí wọ́n máa pe orúkọ mi.

Ìyá ìjọ wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ̀ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́rìí. Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín pé n kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé ọwọ́ mi ló sáré ju mí lọ, pé bí wọ́n bá dá mi padà sórí ìlà yẹn lónìí, màá na ọwọ́ òsì sí ìyá tó bí mi. Wọ́n na ẹ̀rọ náà sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní kí ẹ bá mi dúpẹ́.